Èékánná Inú Bọ́ọ̀tù

Ọjọ́ Ajé kan, bí ojúmọ́ ṣe ń là bọ̀, obìnrin tí gbogbo ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá náà ń pè ní Àǹtí Sítíìmù ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bọ́ọ̀tù rọ́bà rẹ̀, nǹkan kan sì gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀.

Ó fa ẹsẹ̀ yọ kíá. Ó da ojú bọ́ọ̀tù náà délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó já bọ́ sórí símẹ́ńtì kò tóbi tó orí àtàǹpàkò: àkísà pupa tí wọ́n fi òwú dúdú dì pinpin, tí wọ́n ta kókó méje sí lára. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, àfi àwọn ẹ̀wù iṣẹ́ tí wọ́n so kọ́ ara ògiri bí ènìyàn tí kò lórí. Ó mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń tú ìdì aṣọ, ó gé òwú náà.

Èékánná ẹsẹ̀ ènìyàn ló bá níbẹ̀. Ègé mẹ́rin ni, wọ́n nípọn bí ìwo àgbò, àwọ̀ wọn pupa rúsúrúsú, etí wọn sì ń rún dànù bí búrẹ́dì gbígbẹ.

Àǹtí Sítíìmù kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù máa ń tètè bà. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó ti bá abẹ́rẹ́ pàdé nínú aṣọ ìbùsùn, ó ti bá ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ pàdé, ó tilẹ̀ ti bá eyín àtọwọ́dá bàbá arúgbó kan pàdé, tí bàbá náà ń fi èrìgì lásán bú àwọn nọ́ọ̀sì lókè pé wọ́n jí òun léyín. Bí Àǹtí Sítíìmù bá pariwo bí ooru omi tó ń bú jáde, ẹ̀rọ gan-an á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù bà á.

Ohun tó dẹ́rù bà á ni pé ó mọ irú èékánná yẹn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń fi ìbọ̀sẹ̀ bo ohun kan mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bí àmì funfun kékeré létí èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ó ní bóyá bọ́ọ̀tù ló há. Àmì náà di pupa rúsúrúsú, ó ń rá wọlé lọ sí ìdí. Èékánná náà nípọn, ó gbéra kúrò lára ẹran, òórùn kan sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Kò dùn ún. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù. Kí ló dé tí ohun tó ń jẹ ènìyàn kò dun ènìyàn?

Ó wá mọ̀ báyìí. Wọ́n ti rán nǹkan sí i.

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ ẹni tó rán an. Ọ̀gá àgbà ilé ìfọṣọ ń fẹ̀yìn tì lópin oṣù, ẹni méjì péré sì ni wọ́n ń wò láti fi rọ́pò rẹ̀: òun olórí àwọn afọṣọ, àti olórí àwọn alọṣọ, ọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́.

Ó fi bébà di èékánná náà, ó sọ ọ́ sínú iná tó ń mú omi gbóná. Ó ta páá. Ó tún ta páá lẹ́ẹ̀kejì.

“Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí,” ohùn kan dún lẹ́yìn rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ni. Ó gbé apá lé ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ Àǹtí Sítíìmù tí kò wọ bàtà.

“Ṣé kò sí nǹkan o? Mo rí i pé ẹ ò tíì wọ bọ́ọ̀tù.”

“Kí ló kàn ọ́ nínú bọ́ọ̀tù mi?”

“Kò sí nǹkan kan, Àǹtí. Mo kàn ń kí yín ni.”

*

Bí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún Àǹtí Sítíìmù nígbà tó yá, òun náà kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó ń fi àkísà pupa náà sínú bọ́ọ̀tù, ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó fún un kìlọ̀ pé kó má tú u wò, kó má sì jẹ́ kó kan omi. Kò tú u. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìka ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti ń yún un láàárín, awọ ibẹ̀ ń bó, ó sì ń funfun bí ẹni tó ti pẹ́ nínú omi.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ooru áyọ́ọ̀nù ni.

*

Obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ló júwe Bàbá Ẹsẹ̀ fún Àǹtí Sítíìmù. Kò tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kàn rí i tó ń tiro, ó súnmọ́ ọn, ó sọ adirẹ́sì sí i létí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sán gangan ló lọ. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà ni ilé náà wà. Ilẹ̀kùn kan, kọ́tìnnì méjì, yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Bàbá náà jókòó sórí àpótí, ó fi aṣọ dúdú bo itan rẹ̀ títí dé ilẹ̀. Kò kí i. Ó kàn na ọwọ́.

“Mú ìbọ̀sẹ̀ rẹ wá.”

“Bàbá, ẹ ò tíì béèrè ohun tó gbé mi wá.”

“Ẹsẹ̀ ló gbé ọ wá.”

Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Bàbá gbé e símú, ó fà á bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀, ó sì fi ọ̀kan ṣoṣo há orí okùn kan tó gba òkè yàrá náà kọjá. Ìgbà yẹn ni Àǹtí Sítíìmù gbójú sókè. Ìbọ̀sẹ̀ ló kún orí okùn náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ní èkejì. Dúdú, funfun, ti ọmọdé, ti àgbà. Láàárín wọn ni ọ̀kan wà tó jẹ́ aláwọ̀ eérú, tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ ewé lẹ̀ ní gìgísẹ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n lẹ̀ náà. Ojoojúmọ́ ló ń rí i lẹ́sẹ̀ Jẹ́jẹ́ nígbà tó bá ń lọ aṣọ.

Ó nawọ́ sí i.

“Bàbá, ẹni tó ni ìyẹn wá síbí?”

“Ẹsẹ̀ ni mo máa ń wò,” bàbá náà fèsì. “N kì í wo ojú.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é fún un láti fi bá mi jà?”

Bàbá náà tẹ̀ síwájú. Ó fa àwo omi kan jáde. Omi náà dúdú, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni. Ó yẹ kí Àǹtí Sítíìmù dìde nígbà náà, kó sá jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti so ó mọ́ ibi tó wà, ó sì rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe dì í ló máa mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ó ti ẹsẹ̀ bọ omi náà.

Bàbá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí kò yé e. Lẹ́yìn náà ló fún un ní oògùn kan, ó jẹ́ àtíkè dúdú tí wọ́n fi epo pò, nínú agolo kékeré.

“Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ méje. Yóò jó ọ. Bó bá ń jó ọ, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ta lẹ jọ ń gbélé?”

“Ìyá mi.”

“Fi pa ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà. Ohun tí wọ́n bá lé jáde lára rẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ tó bá wà nítòsí ló máa yà sí.”

Kò gba owó. Ó dìde láti sin ín jáde, aṣọ dúdú náà sì yọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Àǹtí Sítíìmù rí èékánná mẹ́wàá tó ká kò bí ìwo, ó nípọn, ó pupa rúsúrúsú, ó ń rún. Wọ́n ti gé nǹkan kúrò létí mẹ́rin nínú wọn.

Bàbá náà rí i pé ó rí i. Ó rọra fa aṣọ bò ó.

“Máa lọ,” ó ní. “Má wẹ̀yìn.”

*

Ìyá Àǹtí Sítíìmù ní àtọ̀gbẹ, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kú. Bí òkúta bá wà nínú bàtà rẹ̀, kò ní mọ̀.

“Kí lo fẹ́ fi pa mí lẹ́sẹ̀?”

“Oògùn ni, Màámi. Kí nǹkan má bàa ràn yín.”

“Nǹkan wo?”

“Ẹ ṣáà jẹ́ n fi pa á.”

Abẹ ìgé-èékánná kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà. Ó fi gé tirẹ̀ tó ti ń rún, ó nu ún lára aṣọ, ó sì fi gé ti ìyá rẹ̀. Ó ṣèèṣì gé ìyá náà lẹ́ran díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ló fi oògùn dúdú náà pa àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀. Tirẹ̀ jó o débi tó fi bu aṣọ jẹ. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. Ìyá náà ń rọra mu omi.

“Ṣé ó ń jó yín, Màámi?”

“Rárá o,” ìyá rẹ̀ ní. “N ò mọ̀ pé o ti pa á.”

Ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

*

Ní ọjọ́ kẹrin, Jẹ́jẹ́ lọ bá Bàbá Ẹsẹ̀ pé kó gba òun. Ọ̀kan nínú èékánná òun náà ti ń pupa, ó ní, obìnrin yẹn ti ń dá a padà. Bàbá na ọwọ́. Jẹ́jẹ́ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kan sí i. Nígbà tó wo òkè, ó rí ìbọ̀sẹ̀ Àǹtí Sítíìmù, ti búlúù, tí wọ́n kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn sí lára. Síbẹ̀, kò sá. Inú omi kan náà ló ti ẹsẹ̀ bọ̀.

Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò jẹun nínú yàrá kan náà mọ́. Bí ọ̀kan bá gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, kò ní padà mu ún. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń wò wọ́n, wọ́n ń panu mọ́. Àǹtí Sítíìmù rò pé ọ̀wọ̀ ni.

*

Ní ọjọ́ kẹjọ, òórùn ló jí i. Ó rò pé ẹran kan ló bàjẹ́ nílé ìdáná. Ó tẹ̀lé òórùn náà títí ó fi dé orí ibùsùn ìyá rẹ̀.

Ìyá náà ń gbọ̀n. Ara rẹ̀ gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Àǹtí Sítíìmù ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, igbe sì gba ẹnu rẹ̀ jáde. Awọ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ìyá náà ti jóná bó, ìka náà ti dúdú láti orí dé ìdí, pupa kan sì ń gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ gòkè bí ẹni tó ń gun àkàbà.

“Kí ló dé tó ò ń ké?” ìyá rẹ̀ ń béèrè. “Kò dùn mí. Mo ní kò dùn mí.”

Ó gbé e pọ̀n. Ilẹ̀kùn iwájú ilé ìwòsàn tí kò gbà wọlé rí láti ọdún mọ́kànlá ló gbà wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, láìwọ bàtà.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó wo ẹsẹ̀ ìyá náà lẹ́ẹ̀kan, ó pe dókítà, wọ́n sì ti gbé ìyá lọ kí Àǹtí Sítíìmù tó lè mí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí i.

“Ta ló jó Màmá lẹ́sẹ̀?”

Àǹtí Sítíìmù wo ilẹ̀.

“Mà, mo bi yín ni. Oògùn tó ń jó awọ ni wọ́n fi pa á. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kì í mọ̀ bó bá ń jóná. Ibi tó bó yẹn ni ìdọ̀tí gbà wọlé.”

“Èmi ni,” Àǹtí Sítíìmù ní. Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àkísà pupa dé orí omi dúdú, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré.

Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fà á jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí itan ara rẹ̀, ó tan iná sí i.

“N ò lè sọ nǹkan kan lórí ohun tí wọ́n dì nínú àkísà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lẹ́sẹ̀ yín yìí, tàbí mo fura sí i. Ẹ mọ ohun tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó bá ti bu? Ìbátan rẹ̀ ni. Fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ó fẹ́ràn ooru, ó fẹ́ràn omi, ó fẹ́ràn òkùnkùn. Bọ́ọ̀tù rọ́bà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ààfin rẹ̀ nìyẹn. Èékánná ẹlòmíì tó ní i lè gbé e wá. Abẹ tí ènìyàn méjì jọ ń lò lè gbé e wá. Omi tí ènìyàn méjì ti ẹsẹ̀ bọ̀ náà lè gbé e wá.”

“Ṣé wọn kò rán an sí mi nìyẹn?”

Nọ́ọ̀sì náà gbójú sókè. “Ẹnìkan fi èékánná tó lárùn sínú bọ́ọ̀tù yín, Mà. Orúkọ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ pè é.”

Ó gé èékánná náà díẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, nítorí pé, ó ní, kì í ṣe gbogbo èékánná tó pupa ló jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì. Òmíràn, bàtà tó há ló fà á, òmíràn sì jẹ́ àìsàn awọ mìíràn, ẹni tí kò bá sì yẹ̀ ẹ́ wò lè gbé oògùn tí kò kàn án mì. Nígbà tí èsì dé, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni lóòótọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n rí i pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè gba oògùn náà, wọ́n sì fún un ní hóró kan lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta.

“Ó ṣì máa burú lójú yín,” nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún un. “Oògùn kò ní tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe. Tuntun ló máa hù láti ìdí, díẹ̀díẹ̀. Ó lè lé lọ́dún kan kó tó kárí. Àwọn tí kò ní sùúrù máa ń dáwọ́ dúró láàárín, á tún padà. Ẹ nu àárín ìka yín gbẹ. Ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ ní bọ́ọ̀tù méjì, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tẹ́ ẹ bá wọ èkejì. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní abẹ yín mọ́, títí tó fi dé orí ẹni tó bí yín.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbé e wá náà ni wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ ìyá náà. Wọ́n ní bó bá pẹ́ ọjọ́ méjì sí i, ẹsẹ̀ ni wọn ì bá gé.

*

Àǹtí Sítíìmù jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá ẹsẹ̀, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tí ẹnìkan wá jókòó ní ìpẹ̀kun kejì bẹ́ǹṣì náà. Jẹ́jẹ́ ni. Ó ti rù. Ó gbé bàtà rẹ̀ kan dání.

Wọn kò kí ara wọn. Jẹ́jẹ́ gbé bàtà náà sílẹ̀.

“Mo gbọ́ nípa Màmá. Àǹtí, èmi ni mo fi í sínú bọ́ọ̀tù yín.”

“Mo mọ̀.”

“N ò fẹ́ kó dà báyìí. Kí ẹ kàn máa tiro ni mo fẹ́, kí wọ́n má fún yín níṣẹ́ náà. Ó ní kò ní kọjá bẹ́ẹ̀.”

Àǹtí Sítíìmù fẹ́ gbá a létí. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ gbéra. Ṣùgbọ́n ó rántí ìyá rẹ̀ tó ń mu omi wẹ́rẹ́ nígbà tí oògùn ń jó o, ọwọ́ náà sì padà sórí itan.

“Ìgbà wo lo fi í síbẹ̀?”

“Ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ kejì rẹ̀ lẹ rí i.”

“Ìgbà kan ṣoṣo?”

“Ìgbà kan ṣoṣo ni. Mo búra.”

Àǹtí Sítíìmù wo ojú rẹ̀ títí. Kò purọ́. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ Àìkú yẹn ni èékánná Àǹtí Sítíìmù ti ń pupa.

*

Àǹtí Sítíìmù ni wọ́n fún níṣẹ́ ọ̀gá náà. Kò dùn mọ́ ọn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe nípò ọ̀gá ni pé ó dá gbogbo ẹ̀rọ dúró lọ́jọ́ Ajé, láago mẹ́wàá, ó sì ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ mẹ́tàlélógún jókòó yípo. Nọ́ọ̀sì kúkúrú náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ilé ìfọṣọ náà ní dídákẹ́ rí. Kódà ìró omi tó ń kán lára páìpù ń ba ènìyàn lẹ́rù.

“Ẹ bọ́ bọ́ọ̀tù,” ó ní. “Àti ìbọ̀sẹ̀.”

Wọ́n ń wo ara wọn. Òun ló kọ́kọ́ bọ́ tirẹ̀, ó na ẹsẹ̀ síwájú kí gbogbo wọn rí i. Jẹ́jẹ́ bọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, rọ́bà ń dún fọ̀ọ̀, fọ̀ọ̀, yípo gbogbo yàrá náà.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti orí ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Ó dé orí ẹni kẹfà, ó dúró. Ó dé orí ẹni kẹjọ, ó tún dúró. Nígbà tó máa fi yí wọn ká tán, mẹ́rìndínlógún nínú wọn ló ní èékánná tó nípọn, tó pupa rúsúrúsú, tó ń rún.

“Bọ́ọ̀tù tó tutù lè ṣe èyí fúnra rẹ̀,” nọ́ọ̀sì ní. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò fi hàn pé ó dá a lójú.

Jẹ́jẹ́ dìde. Ó doríkodò.

“Ẹ̀bi mi ni,” ó ní. “Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ bá Bàbá Ẹsẹ̀.”

Ó tún jókòó. Páìpù ń kán. Lẹ́yìn náà, láti igun, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó máa ń ká aṣọ àwọn ọmọ tuntun, ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, gbé ọwọ́ sókè díẹ̀.

“Rárá,” ó ní. “Mo ti lọ ṣáájú rẹ.”

“Nítorí ta?” Àǹtí Sítíìmù béèrè.

Obìnrin náà kò wo ojú rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Nítorí yín, Àǹtí.”

“Èmi ti lọ ṣáájú ẹ̀yin méjèèjì,” awakọ̀ tó ń kó ìdì aṣọ sọ lẹ́yìn rẹ̀.

“Èmi náà.”

“Èmi náà lọ, lọ́dún tó kọjá.”

Ohùn náà ń yípo yàrá, kò sì sí ẹni tó lè rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.